Ẹni Tó Mú Màmá Wá

Ní ilé ìwòsàn wa, arúgbó kì í sábà dá wá. Ẹnì kan ní í mú un wá. Ẹni náà ló di káàdì mọ́wọ́, òun ló ń tò sórí ìlà níwájú káṣíà, òun ló ń sáré lọ sí kẹ́míìsì, òun ló ń gbé ìgò ìtọ̀ lọ sí láàbù. Bí dókítà bá bi màmá pé kí ló ń ṣe é, kí màmá tó lanu, ẹni tó mú un wá ti gbà á sọ: "Kì í jẹun mọ́, dókítà. Ó tún wá ṣubú ní balùwẹ̀ lánàá."

Ó lè jẹ́ pé ó ṣubú lóòótọ́. Àgbàlagbà a máa ṣubú. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan tì í.

Báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí ẹni tó ń ṣàlàyé, ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ṣeé ṣe kó máa fìyà jẹ màmá lè jẹ́ ẹnì kan náà? Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti máa fi ìbéèrè díẹ̀ wádìí ìwà ìkà sí àgbà, bí ìgbà tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ní Ìlú Bìní, níbi tí ọmọ ti pọ̀ lẹ́yìn odi tí ìyá sì wà nílé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ká ènìyàn lára.

Ìkéde kan tí wọ́n ṣe ní Toronto ní ọdún 2002, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́wọ́ sí, ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ìfìyàjẹ àgbà. Ó ní ohunkóhun ni, tí ẹni tí àgbà fọkàn tán bá ṣe, tàbí tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, tó sì pa àgbà náà lára tàbí tó bà á nínú jẹ́. "Tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe" yẹn gbòòrò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò rà wà níbẹ̀. Gíláàsì ojú tó fọ́ láti ìgbà ọyẹ́ wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù, àmọ́ tí káàdì ATM rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ tí kì í ṣe ìṣirò fún ẹnikẹ́ni, òun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìgbà tí wọ́n bá gbá àgbà létí nìkan ni wọ́n fìyà jẹ ẹ́ kò tíì mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2017, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 52 láti orílẹ̀-èdè 28 jọ nínú ìwé ìròyìn Lancet Global Health. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ènìyàn mẹ́fà tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ẹnì kan tí wọ́n ti fìyà jẹ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú nǹkan bí ìṣẹ̀lẹ̀ 24, ọ̀kan péré ló ń dé etí àwọn aláṣẹ. Nílẹ̀ Yorùbá náà, Eniola Cadmus àti Eme Owoaje ti Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde ní 2012 lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ìyá àgbà ní ìgboro àti ní abúlé gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu kò lè gbà á mọ́ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.

Àwọn dókítà fúnra wọn pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé gbòógì nípa ọmọdé tí òbí ń lù bí ẹni máa pa á. Ó di 1975 kí G. R. Burston tó kọ lẹ́tà kúkúrú sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Medical Journal, pé wọ́n ń lu àwọn ìyá àgbà nínú ilé, àti pé ó yẹ kí dókítà lajú sí i. Ọdún mẹ́tàlá ni ọmọdé fi ṣáájú àgbà.

Ní ilẹ̀ Ẹdó, ipò ni ọjọ́ orí jẹ́. Ọkùnrin tó dàgbà jù ní abúlé ni Odionwere, òun ni olórí, kò sì sí ìdìbò nínú ẹ̀. Ẹni tó dàgbà tó báyẹn, ta ló fẹ́ nawọ́ sí i? Ṣùgbọ́n Odionwere kan ṣoṣo ni abúlé ń ní. Àwọn tó kù wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ní ojúlé tí ó lè jẹ́ pé owó ọmọ tó wà ní Ítálì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀nà Ítálì ti là fún àwọn ọmọ Ẹdó, ilé tí owó ibẹ̀ kọ́ sì pọ̀ káàkiri ìlú. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ń fowó ránṣẹ́. Àbúrò tàbí ìyàwó àbúrò ló ń gbà á. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á gbé fóònù síwájú màmá kó lè rí ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n á ti wọ aṣọ tó dáa fún un. "Màmá, ṣé ara le?" "Ara le, ọmọ mi." Ẹni tó mú fóònù dání ni màmá ń wò lójú nígbà tó ń dáhùn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe tó dùn ni, àwọn òbí sì fẹ́ràn láti máa pa á. Ohun tí òwe náà kò sọ ni pé ọmọ ló ni ọmú, ìgbà tó bá wù ú ló lè fà á kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ní 2008, dókítà kan ní Montreal, Mark Yaffe, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìbéèrè mẹ́fà jáde tí dókítà ìdílé lè parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Àgbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé ni wọ́n ṣe é fún, oṣù méjìlá tó kọjá ni wọ́n sì ń bèèrè nípa rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe lè sọ ọ́ fún màmá: Ta ló ń bá yín wẹ̀, tó ń bá yín dáná, tó ń bá yín lọ sí báǹkì? Ǹjẹ́ ẹnì kan ti fi oúnjẹ, oògùn tàbí gíláàsì dù yín, tàbí kó má jẹ́ kí ẹ rí ẹni tí ẹ fẹ́ rí? Ǹjẹ́ ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ sí yín tí ojú fi tì yín tàbí tí àyà yín fi já? Ǹjẹ́ wọ́n ti fipá mú yín tẹ̀ka sí ìwé kan, tàbí wọ́n ná owó yín láìjẹ́ pé ẹ fẹ́? Ǹjẹ́ ẹnì kan ti pa yín lára, tàbí ó fọwọ́ kàn yín níbi tí ẹ ò fẹ́? Ìbéèrè kẹfà, dókítà ni wọ́n ń bi, kì í ṣe màmá: kí lo rí? Ṣé ó ń wolẹ̀? Ṣé ó rù? Ṣé aṣọ rẹ̀ ń rùn? Ìdáhùn àkọ́kọ́ kàn ń sọ bí àgbà náà ṣe gbára lé ènìyàn tó ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan láti orí ìkejì lọ sísàlẹ̀ ti tó láti wádìí sí i. Kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti jẹ̀bi.

Ara náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ó lè tan ènìyàn. Awọ àgbà fẹ́lẹ́ bí ìwé, bó bá tún ń lo aspirin tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bó bá fara gbún àga lásán, àpá dúdú á yọ. Ní 2005, Laura Mosqueda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò lù, wọ́n ń wo ara wọn lójoojúmọ́ títí àpá fi ń yọ tó sì ń pòóra. Nínú àpá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló wà ní apá àti ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó wà ní ọrùn, ní etí, ní ìdí tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà náà kò sì rántí ohun tó fa àpá ọ̀hún. Àwọ̀ kò sì ṣeé fi ka ọjọ́, nítorí àpá mìíràn ti ń pọ́n bí ẹyin láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn tí wọ́n lù ní tòótọ́, nínú ìwádìí tó jáde ní 2009, àpá tiwọn tóbi, ọ̀pọ̀ wọn ní èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń wà ní ojú, ní ẹ̀yìn, àti ní ẹ̀gbẹ́ apá ọ̀tún, apá tí ènìyàn fi ń gba ẹgba. Èyí tó pọ̀ nínú wọn sì rántí dáadáa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, màmá tó ní àpá ní ojúgun lè ti gbún tábìlì. Màmá tó ní àpá lẹ́yìn etí, ó yẹ kí dókítà fi kálámù sílẹ̀ kó wò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tó lè ṣiṣẹ́ bí ẹni tó mú màmá wá bá jókòó tì í. Níbí ni àìrọrùn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti lè di àǹfààní. Ní ilẹ̀ òyìnbó, dókítà gbọ́dọ̀ wá àwáwí kó tó lè ní kí ọmọ jáde. Níbí, iṣẹ́ ọmọ kì í tán: ó máa sanwó, ó máa gba rìsíìtì, ó máa ra ọwọ́ rọ́bà àti abẹ́rẹ́, ó máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ ohun tó ń ṣe á kàn na ìwé sí i: "Ẹ bá wa lọ sanwó yìí ná." Ẹni tó lọ tò ní ìlà yóò pẹ́ dáadáa, ìbéèrè mẹ́fà kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ìdènà kejì ni èdè. Ugbowo, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí UBTH, ti wà láti 1973, jẹ́ ibi tí gbogbo ẹ̀yà ti ń pàdé. Aláìsàn lè gbọ́ Ẹdó nìkan, tàbí Ẹsán, tàbí Etsako, tàbí Urhobo. Dókítà lè jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Nsukka tí kò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Ta ni ògbufọ̀? Ẹni tó mú màmá wá náà ni. Màmá á sọ gbólóhùn gígùn kan, ògbufọ̀ á wá sọ fún dókítà pé, "Ó ní òun ò lè sùn." Dókítà tó gbọ́n á wá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè náà, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, kó pè é ní "Iye" bí ọmọ Ẹdó ṣe ń pe ìyá, kó bèèrè oúnjẹ àti oorun ná kó tó dé orí èyí tó le. Bí nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ọmọ yín ń lù yín?", ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, kò sì sí ìyá tó máa fi ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ kíákíá.

Ìdí mìíràn sì wà tí àgbà Ẹdó kan fi lè pa ẹnu mọ́. Ní àṣà Bìní, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Igiogbe, ti àkọ́bí ọkùnrin ni lẹ́yìn tó bá ti ṣe ìsìnkú tán. Nínú ẹjọ́ Idehen sí Idehen ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ pé bàbá kò lè fi ìwé ìhágún gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà fún ẹlòmíràn. Àṣà tó ní ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì bàbá arúgbó tí àkọ́bí rẹ̀ ń febi pa: ẹni tó máa sin ín, tó máa jogún ilé rẹ̀, ni bàbá fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn fún dókítà tí kò rí rí.

Ti àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń ra tún le jù. Àrùn ìgbàgbé tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà wà láàárín wa. Ìwádìí ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, ní 1992, tí wọ́n fi wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, fi hàn pé ó kéré níbí sí ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹnì 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà lọ́dún kan sí 3.24 lọ́hùn-ún, àmọ́ ó wà. Màmá tó ń rìn kiri lóru, tó ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé òun pa ọkọ òun, aláìsàn ni. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀, ó lè di ìyọnu ńlá: wọ́n á gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n á fi okùn so ó, wọ́n á lé e jáde. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwọn tó mọ òfin náà kò pọ̀. Irú àgbà yìí kò lè dáhùn ìbéèrè Yaffe, nítorí náà ara rẹ̀ ni dókítà máa kà: ojú okùn ní ọrùn ọwọ́, egbò ìdùbúlẹ̀ tó ti jìn dé egungun, ẹnu gbígbẹ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Uselu, nínú Ìlú Bìní níbẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí irú màmá bẹ́ẹ̀ dé kó tó dé orí òkè àdúrà.

Ká wá sọ pé màmá ti dáhùn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló kàn?

Ibi tí ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń dojú rú nìyí, òótọ́ sì ni pé àwọn tó gbọ́n jù láyé ṣì ń jà lórí ẹ̀. Ní 2018, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ìlera sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti fi mọ̀ bóyá bíbi gbogbo àgbà ní irú ìbéèrè yìí ń ṣe wọ́n láǹfààní ju bó ṣe lè pa wọ́n lára lọ. Wọn ò ní kí wọ́n má bèèrè o. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ rọrùn láti rí: ọmọ tó bá fura pé wọ́n ti bi màmá ní nǹkan kan lè má mú un wá sí ilé ìwòsàn mọ́ láéláé, ìyẹn sì burú ju àpá lọ.

Nítorí náà, ohun tí dókítà kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó yíjú sí ọmọ nínú ọ́fíìsì kó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kó kọ ọ̀rọ̀ màmá sínú fáìlì bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kó ya àwòrán ara kó fàmì sí ibi tí àpá wà, kó pe ọ̀gá rẹ̀, kó pe àwọn wẹ́fíà ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà kó bèèrè ohun kan: ṣé ó dáa kí màmá padà sílé lónìí? Bí kò bá dáa, kó gbà á sí wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lè jẹ́ ibi ìsádi ọjọ́ méjì títí wọn yóò fi rí ọmọ mìíràn tàbí ẹ̀gbọ́n kan pè. Bí orí màmá bá pé, tó sì yàn láti padà sọ́dọ̀ ọmọ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí wọ́n fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá, kó sì súnmọ́.

Òfin kò dákẹ́ pátápátá. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti 2015, ka fífi ẹni tó gbára lé ènìyàn sílẹ̀ láìní ohun tí yóò jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn tó tó ₦500,000, ó sì tún ka fífi ìyà jẹ opó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ṣe tirẹ̀ ní 2021. Abala 16 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú fún àgbà, àmọ́ inú orí kejì ló wà, orí tí ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Ẹdó kan ṣe ju ìwé òfin lọ. Olóyè Tony Anenih, ọmọ ilẹ̀ Ẹsán, ló kọ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì fi ta ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lọ́rẹ. Wọ́n ṣí i ní oṣù November 2012, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Yorùbá jàǹfààní rẹ̀, ó sì yẹ ká dúpẹ́, àmọ́ ó dùn mọ́ni láti ronú bí ì bá ti rí ká ní ó kọ́ ìkejì sí Ugbowo.

Kò tún yẹ ká fi gbogbo ẹ̀bi lé ọmọ lórí. Ní May 2024, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó di ₦70,000. Ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tó ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, tó tún ń yí màmá padà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru nítorí rọpárọsẹ̀, lè jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan tí oorun bá ń kùn ún. Ọlọ́pàá kọ́ ló kàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa bá a jókòó ti màmá ní Saturday kó lè sùn ló nílò. Ìbéèrè tó dáa jù tí nọ́ọ̀sì lè bi í ni: "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń ràn yín lọ́wọ́?" Ọ̀pọ̀ ló máa sunkún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú kò mọ́ ju ẹlòmíràn lọ: nínú ìwádìí káàkiri ayé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tọ́ka sí, nínú òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbà mẹ́ta, méjì ló gbà pé àwọn ti ṣàìdáa sí àgbà kan láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá fẹ́ bi màmá léèrè, kó bi ara rẹ̀ náà bó ṣe pariwo mọ́ ọn nígbà tó tọ̀ sára.

Bí ẹ̀yin bá wá mú ìyá tàbí bàbá yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, tí nọ́ọ̀sì sì ní kí ẹ dúró síta díẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì bi í pé kí ló ń fi pa mọ́ fún yín. Ẹ jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé, ẹ lọ sanwó káàdì. Bí ẹ bá padà dé, ẹ jẹ́ kí màmá fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é.